Omi nìkan kọ́ ló ń gba ewé lọ́wọ́ oòrùn

Ọ̀dọ̀ Màmá tí mo máa ń ra ẹ̀fọ́ lọ́wọ́ wọn ní ọjà Kútọ̀, ní Abẹ́òkúta, ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ Sátidé ni, oòrùn ti ń mú, mo sì ní kí wọ́n jọ̀wọ́ fa agbòòrùn wọn sórí apẹ̀rẹ̀ tẹ̀tẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n bu omi nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, wọ́n wọ́n ọn sórí ẹ̀fọ́. "Tíṣà, oòrùn kì í bá ewé jà o. Òǹgbẹ ló ń pa ewé. Bí omi bá ti wà, oúnjẹ ni oòrùn jẹ́ fún un." Àwọn obìnrin tó jókòó tì wọ́n ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni.

Bàyọ́lọ́jì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ girama nílùú yìí, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe Màmá nìkan ló gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ tó ń dáko lọ́nà Aláàbàtà ń sọ ọ́. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ń kọ ọ́ sínú ìdánwò: ewé ń fi oòrùn se oúnjẹ, nítorí náà oòrùn kò lè ṣe é ní jàǹbá. Èmi ni mo kọ́ wọn ní apá àkọ́kọ́ gbólóhùn yẹn. Apá kejì, n kò kọ́ wọn, ṣùgbọ́n n kò bá wọn yọ ọ́ kúrò lọ́kàn rí. Ìyẹn dùn mí, òun ni mo ṣe jókòó láti kọ èyí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fún Màmá ní ẹ̀tọ́ wọn. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn, òǹgbẹ ló ń pa ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ewé tí a ń rí tó ń rọ. Kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìpalára mìíràn wà tí kò kan òǹgbẹ rárá. Ó ń bá ewé tí gbòǹgbò rẹ̀ wà nínú ẹrẹ̀ létí odò Ògùn, ó sì ń bá èyí tó hù nínú pàlàpálá òkúta Olúmọ. Lójoojúmọ́ tí Ọlọ́run dá, oòrùn ń ba DNA inú ewé jẹ́, ìyẹn àkọsílẹ̀ àṣẹ tí ewé fi ń wà láàyè. Ewé tí ẹ rí tó tutù yọ̀yọ̀ lọ́sàn-án gangan, iṣẹ́ àtúnṣe ló ń ṣe lọ́wọ́.

Ẹ lọ sí Ìtòkú, kí ẹ wo àdìrẹ tí wọ́n ti fi kọ́ iwájú ṣọ́ọ̀bù fún oṣù mélòó kan. Ẹ tú u wò. Ibi tó kọjú síta á ti ṣá. Inú ìṣẹ́po rẹ̀ á ṣì dúdú bí ọjọ́ tí wọ́n yọ ọ́ nínú aró. Oòrùn kan náà tó ṣá aṣọ yẹn ló ń ràn sórí igi mángòrò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù, ewé mángòrò kò sì ṣá. Ẹnì kan lè ní torí pé aṣọ gbẹ ni. Ó dára, ẹ máa rẹ aṣọ náà sómi láràárọ̀ kí ẹ tún sá a sóòrùn, kí ẹ wò ó bóyá kò ní ṣá. Omi kọ́ ni ìyàtọ̀ wọn. Ohun tí aṣọ bá pàdánù lónìí ti lọ nìyẹn, kò ní ẹni tí yóò bá a dá a padà. Ewé ní.

Ìmọ́lẹ̀ oòrùn kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo. Èyí tí ojú wa ń rí ló pín sí àwọn àwọ̀ òṣùmàrè, pupa àti búlúù inú rẹ̀ sì ni ewé ń lò jù láti fi se oúnjẹ. Òmíràn wà tí ojú kò rí, tí agbára rẹ̀ ju ti búlúù lọ. Òun ni wọ́n ń pè ní ultraviolet, tàbí UV ní kúkúrú. Afẹ́fẹ́ ozone tó wà lókè réré ń dá èyí tó burú jù nínú rẹ̀ dúró pátápátá, ó sì ń dín oríṣi rẹ̀ kan tó ń jẹ́ UV-B kù gan-an, ṣùgbọ́n UV-B kò tán. Díẹ̀ ń dé ilẹ̀. Èyí tó ń dé ọ̀dọ̀ tiwa sì ju ti àwọn ará Yúróòpù lọ, nítorí pé ozone tó wà lókè ilẹ̀ olóoru fẹ́lẹ́ ju tiwọn lọ, oòrùn wa sì ń ga. Abẹ́òkúta kò ju nǹkan bí ìwọ̀n 7 lọ sí àríwá ìlà tó pín ayé sí méjì. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin àti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, oòrùn ọ̀sán máa ń dúró ṣánṣán lórí wa débi pé òjìji èèyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí.

Kí ni UV-B ń ṣe nínú ewé? DNA dà bí okùn ìlẹ̀kẹ̀ méjì tí wọ́n lọ́ mọ́ ara wọn. Ìlẹ̀kẹ̀ orí rẹ̀ kò ju oríṣi mẹ́rin lọ, A, T, G àti C, bí wọ́n sì ṣe tò tẹ̀lé ara wọn ni àṣẹ tí sẹ́ẹ̀lì, yàrá bíńtín bíńtín tí a fi mọ ara ohun alààyè, ń tẹ̀ lé láti wà láàyè. Arabidopsis, ewéko kékeré tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ń fi ṣe ìwádìí jù, ní nǹkan bí mílíọ̀nù 135 ìlẹ̀kẹ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ẹ̀dà kan. Lọ́dún 2000 ni wọ́n gbé bí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn ṣe tò jáde. Níbi tí T méjì bá ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí UV-B bá bà wọ́n, wọ́n á lẹ̀ mọ́ra, wọ́n á di kókó. Wọn kò ní lè kọjú sí A tó yẹ kí wọ́n dìmú lórí okùn kejì mọ́. Nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá fẹ́ ka ibẹ̀ tàbí kó ṣe ẹ̀dà rẹ̀, yóò kọsẹ̀. Ó lè dúró síbẹ̀. Ó lè méfò, kó sì kọ ohun tí kì í ṣe tòótọ́ sílẹ̀. Bí irú kókó bẹ́ẹ̀ bá pọ̀ tí ẹnì kan kò tú wọn, sẹ́ẹ̀lì náà á kú.

Omi kò lè gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ èyí, torí pé UV-B ń la omi kọjá.

Bí mo bá ń ṣàlàyé ohun tó ń gbà á sílẹ̀ fún àwọn ọmọ, àdìrẹ oníko ni mo máa ń lò, torí kò sí ilé tí wọn kò ti mọ̀ ọ́n níbí. Wọ́n á fi ìko di aṣọ ní kókó kókó, wọ́n á rì í sínú aró, lẹ́yìn náà ẹnì kan á jókòó, á máa tú kókó náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó mọ iṣẹ́ kò ní fi abẹ ya aṣọ. Ìko nìkan ni yóò kúrò. Nínú sẹ́ẹ̀lì ewé, purotéènì kan, ìyẹn ọ̀kan lára àwọn òṣìṣẹ́ bíńtín inú sẹ́ẹ̀lì, wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ títú kókó bẹ́ẹ̀. Photolyase ni orúkọ rẹ̀. Á máa wá ibi tí T méjì ti lẹ̀ pọ̀ lórí DNA. Bó bá rí i, á rọ̀ mọ́ ibẹ̀, á fa T méjèèjì yọ kúrò ní ìlà sínú ihò kan nínú ara rẹ̀. Nínú ihò náà ni nǹkan kan wà tí sẹ́ẹ̀lì fi fítámì B2 ṣe. Níbẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ á ti dúró, tí kò ní sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀, títí ìmọ́lẹ̀ búlúù yóò fi dé. Bí ìmọ́lẹ̀ náà bá ti kan nǹkan ọ̀hún, á ju eléktírọ́ọ̀nù kan, ègé bíńtín tó ń gbé iná, lu kókó náà, kókó á tú, eléktírọ́ọ̀nù á padà sí ibi tó ti wá. T méjèèjì á bọ́ sí àyè wọn. Wọn kò gé nǹkan kan, wọn kò sì lẹ nǹkan kan.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún ibẹ̀ yẹn kà. Láìsí ìmọ́lẹ̀, photolyase lè di kókó mú, ṣùgbọ́n kò lè tú u. Oòrùn ló ta á, oòrùn náà ni agbára tí wọ́n fi ń tú u. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí mo ti mọ èyí, ó ṣì ń yà mí lẹ́nu bí mo bá dúró níwájú igi lọ́sàn-án.

Ara ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ wà lára ibi tí àwọn èèyàn ti kọ́kọ́ ṣàkíyèsí rẹ̀. Lọ́dún 1933, ní Jámánì, wọ́n tan UV sí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, èèpo náà sì di aláwọ̀ ilẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tan ìmọ́lẹ̀ lásán sí i lẹ́yìn náà, kì í rí bẹ́ẹ̀. Wọn kò tíì mọ ìdí rẹ̀ nígbà yẹn. Lọ́dún 1949, ní Amẹ́ríkà, Albert Kelner ń fi UV pa àwọn kòkòrò kéékèèké inú ilẹ̀, ó sì ń wò ó bóyá ooru tàbí òtútù ló ń jẹ́ kí àwọn kan jí padà. Èsì rẹ̀ kò dúró sójú kan, ó ń ga, ó ń sọ̀ kalẹ̀, títí ó fi rí i pé ìmọ́lẹ̀ tó ń kan àwọn kan nínú ìgò wọn ló ń jí wọn. Aziz Sancar, ọmọ bíbí ilẹ̀ Tọ́kì, wà lára àwọn tó fi ọ̀pọ̀ ọdún wá bí photolyase ṣe ń ṣiṣẹ́. Lọ́dún 2015, òun, Tomas Lindahl àti Paul Modrich pín ẹ̀bùn Nobel lórí àtúnṣe DNA.

Àwa èèyàn kò ní photolyase. Ẹja ní in, ẹyẹ ní in, ọ̀pọ̀lọ́ ní in, kàǹgárú pàápàá ní in. Àwa ẹranko tó ń fi ibi-ọmọ tọ́ ọmọ nínú oyún fún ìgbà pípẹ́ ti sọ ọ́ nù láti ìgbà láéláé. Ata rodo tó wà lẹ́nu ọ̀nà yín lè ṣe ohun tí awọ ara yín kò lè ṣe.

Ọmọ kan bi mí ní kíláàsì pé, tí ilẹ̀ bá ṣú ńkọ́? Ìbéèrè gidi ni. Ewé ní ọ̀nà kejì tí kò nílò ìmọ́lẹ̀, àwa náà sì ní in: sẹ́ẹ̀lì á gé ibi tó bàjẹ́ kúrò lórí okùn kan, nǹkan bí ìlẹ̀kẹ̀ 30 lẹ́ẹ̀kan náà, á wo okùn kejì, á fi ṣe àwòkọ, á sì kún àlàfo náà. Aṣọ tí wọ́n lẹ ni ti èyí. Ó ń gbà á lákòókò, ó sì ń ná an ní ohun tó pọ̀ ju kí ó kàn tú kókó lọ.

Bí ẹnì kan bá rò pé ọ̀rọ̀ ilé ìwádìí lásán nìyí, ẹ jẹ́ ká wo oko ìrẹsì. Ní Japan, ìrẹsì méjì wà, Sasanishiki àti Norin 1, tí wọ́n sún mọ́ra gan-an. Bí UV-B bá pọ̀, Sasanishiki á máa dàgbà, Norin 1 á ràn. Àwọn oníwádìí wá ìdí rẹ̀ títí, wọ́n bá a nínú photolyase: ìlẹ̀kẹ̀ kan ṣoṣo ló yàtọ̀ lórí DNA, ó yí ẹyọ kan padà nínú purotéènì náà, ní ipò 126, èyí tó wà nínú Norin 1 kò sì yára tú kókó bíi ti èkejì. Omi kan náà, ajílẹ̀ kan náà, oòrùn kan náà. Ìyàtọ̀ ọwọ́ àtúnṣe nìkan ni.

Ewé kì í kàn jókòó títí wọ́n fi máa ba DNA rẹ̀ jẹ́ kó tó ṣe nǹkan. Ó ní purotéènì kan, UVR8, tó ń mọ̀ bí UV-B bá ti dé. Méjì méjì ni wọ́n máa ń so mọ́ra. Bí UV-B bá kàn wọ́n, wọ́n á tú ká, èyí á sì jẹ́ àrokò fún sẹ́ẹ̀lì pé kó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àwọn èròjà tó ń gba UV-B dúró sára awọ ewé, kó sì tún ṣe photolyase sí i. Ọdún 2011 ni wọ́n ṣàlàyé bí UVR8 ṣe ń ṣe èyí. Àwọn èròjà náà kì í pé ní ìṣẹ́jú kan, ó ń gba ọjọ́ díẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń yin àwọn àgbà tó ń fi imọ̀ ọ̀pẹ bo tòmátì kéékèèké, tí wọ́n sì ń ṣí i díẹ̀díẹ̀ kí wọ́n tó lọ́ ọ sí oko. Wọ́n ní nítorí ooru àti òǹgbẹ ni, ó sì rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lábẹ́ imọ̀ náà, bí oòrùn ṣe ń yọ wọlé díẹ̀díẹ̀, tòmátì ń wọ ẹ̀wù. Ẹni tó bá gbé e láti inú òjìji bọ́ sínú oòrùn ọ̀sán lọ́jọ́ kan ṣoṣo, kó tiẹ̀ da odò Ògùn sí i nídìí, ìhòòhò ló gbé e jáde.

Ibì kan wà ṣá o tí omi àti àtúnṣe ti pàdé, ibẹ̀ sì ni Màmá ì bá ti jàre mi. Ibẹ̀ ni hóró irúgbìn. Lọ́dún tó kọjá, mo gbin àgbàdo sẹ́yìn ilé ní ebè méjì, ti ọdún náà, àti èyí tó ti wà lórí àjà fún ọdún mẹ́ta. Ti tuntun yọrí lọ́jọ́ karùn-ún. Aládùúgbò mi ní kí n tú ti àtijọ́ dànù, ó ti kú. N kò tú u. Lọ́jọ́ kẹsàn-án ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tó ìdajì rẹ̀ tó hù.

Nígbà tí hóró bá gbẹ, afẹ́fẹ́ àti ooru kò sinmi, wọ́n á máa já DNA inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ àtúnṣe kò lè ṣe nǹkan kan láìsí omi, nítorí náà ìbàjẹ́ ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún. Ọjọ́ tí omi bá wọ inú hóró ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, kí sẹ́ẹ̀lì kankan tó pín sí méjì. Purotéènì kan tó ń jẹ́ ATM, tí èèyàn náà ní irú rẹ̀, á dá híhù dúró títí wọn yóò fi so ibi tó já. Ní 2010, àwọn oníwádìí ní Leeds, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi hàn pé bí Arabidopsis kò bá ní ọ̀kan lára àwọn tó ń so okùn DNA tó já, hóró rẹ̀ á pẹ́ kó tó hù, kò sì ní tọ́jọ́ nínú ìpamọ́. Àgbàdo àtijọ́ mi kì í ṣe òkú, kì í sì í ṣe ọ̀lẹ. Gbèsè ọdún mẹ́ta ló ń san nínú ilẹ̀. Àwọn tí kò hù ni gbèsè tiwọn ti ju agbára wọn lọ. Nítorí náà, ibi tútù tó gbẹ ni kí ẹ máa tọ́jú irúgbìn sí, ẹ má sì yára tú ebè bí ti àtijọ́ bá pẹ́ díẹ̀.

Bí okùn méjèèjì DNA bá já pọ̀ lójú kan, ọ̀rọ̀ á le ju ti kókó lọ. Àgbàdo náà ló kọ́ wa ní èyí. Ní àwọn ọdún 1930, Barbara McClintock ń fi maikirosikópù wo àgbàdo tí ìtànṣán X ti já DNA rẹ̀, ó sì rí i pé orí tó já máa ń wá orí mìíràn tó já, wọ́n á sì lẹ̀ mọ́ra. Ewéko ń lo irú àsopọ̀ yìí gan-an. Ó yá, ó sì ń gba ẹ̀mí là, ṣùgbọ́n nígbà mìíràn ìlẹ̀kẹ̀ díẹ̀ á sọnù lójú ibi tí wọ́n so.

Kí ló dé tí ewéko fi ń ṣe wàhálà tó báyìí? Nínú ẹranko, àwọn sẹ́ẹ̀lì tí yóò di ọmọ lọ́la ti ń yà sọ́tọ̀ láti inú oyún. Igi kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Orí ẹ̀ka tó ti ń mú ewé jáde nínú oòrùn fún ọdún pípẹ́ ni yóò mú òdòdó jáde, òun ni yóò sì di èso. Ohun tí wọn kò bá tún ṣe nínú ẹ̀ka lè bá ọmọ lọ. Ti ẹ̀gẹ́ tilẹ̀ tún le sí i, ẹ̀gẹ́ tí àwa Ẹ̀gbá fi ń ṣe làfún. Igi rẹ̀ ni a ń gé gbìn, láti oko dé oko, láti ọwọ́ bàbá dé ọwọ́ ọmọ. Àṣìṣe tí sẹ́ẹ̀lì kan ṣe nínú igi tí bàbá mi àgbà gé lè wà nínú ebè mi lónìí. Nítorí náà ni ewéko ṣe ń ṣọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ tó wà lórí ẹ̀ka àti ní ẹnu gbòǹgbò gidigidi. Olùdarí wọn ni purotéènì SOG1, èyí tí wọ́n dá mọ̀ lọ́dún 2009. Bí DNA bá bàjẹ́, òun ló ń pàṣẹ pé kí sẹ́ẹ̀lì dúró, kó má pín, kó tún ara rẹ̀ ṣe. Bí ìbàjẹ́ bá pọ̀ jù nínú sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀, á ní kó kú, kí aládùúgbò rẹ̀ tó pé lè gba ipò rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e mo padà sí Kútọ̀, mo sì sọ ọ̀rọ̀ kókó àti títú fún Màmá. Wọ́n fetí sílẹ̀ dáadáa, torí pé ìyá wọn ta àdìrẹ rí, àwọn náà sì ti tú ìko ní kékeré títí orí ìka wọn fi bó. Wọ́n bi mí ní ohun tí ẹnikẹ́ni nínú àwọn ọmọ kíláàsì mi kò tíì bi mí: "Èyí tí a ti wá já ńkọ́, Tíṣà? Ṣé ó ṣì ń tú?"

Mo ní ó ṣì ń tú, Màmá. Ewé tẹ̀tẹ̀ tí ẹ já láàárọ̀ kò tíì kú, sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ṣì ń mí, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n kò ní gbòǹgbò mọ́. Ohun tó bá ná sórí àtúnṣe báyìí, kò sí ibi tí yóò ti rí òmíràn.

Wọ́n wo apẹ̀rẹ̀ náà fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n dìde, wọ́n fa agbòòrùn wọn sórí rẹ̀, wọ́n sì tún wọ́n omi sí i.